Àwa Méjì Péré, Nínú Ọgbà Àjàrà

Nínú ìṣirò àkọ́kọ́ tí a ṣe fún ìgbéyàwó wa, oúnjẹ ẹni 500 ló wà níbẹ̀. A ò mọ ẹni 500 o. Ẹ̀gbọ́n kan ló kìlọ̀ fún wa pé tí a bá pe ẹni 200 ní Èkó, ká se oúnjẹ 500, torí àwọn tí a ò pè ló máa kọ́kọ́ dé. Ọ̀kan nínú wa ń kọ kóòdù jẹun ní ilé-iṣẹ́ kan ní Yábàá, nọ́ọ̀sì ni ìkejì. Ìwáyà ni àwa méjèèjì ń gbé, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ìkejì nínú yàrá kan ní òpópó kejì sí tiwọn. A ṣí spreadsheet, a to gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀: gbọ̀ngàn, alásè, aṣọ ẹbí, alága ìdúró, alága ìjókòó, DJ, onífọ́tò, àti dúróònù tí yóò máa fò lórí àwọn tó ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù. Nígbà tí a ro ó pọ̀, iye tó jáde ju owó ilé ọdún márùn-ún lọ. Ilé ọ̀hún gan-an, a ò tíì rí i gbà.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà jáde. Títí dòní a ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú wa. Kí ló dé tí a ò kàn wá ibì kan lọ, àwa méjì péré, ká fẹ́ ara wa, ká padà wálé ká sọ fún wọn pé ó ti parí?

Elopement ni àwọn òyìnbó ń pè é, ó sì ti di òwò lọ́dọ̀ wọn. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n bá ẹni méjì tó ń sá fún ariwo ṣètò ibi tí wọn yóò sá lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ náà ò dùn ún gbọ́. Ọmọbìnrin tó bá ṣe é, wọ́n á ní ó sá tọ ọkùnrin lọ. Ọkùnrin ibẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á ní ó gbé ọmọ ọlọ́mọ sá. Kò sí bí a ṣe fẹ́ tú u sí Yorùbá tí kò ní dà bíi pé a jalè. A wá ń pè é ní Project D láàárín ara wa.

D yẹn, Douro ni. Fídíò kan lórí Instagram ló gbé e wá síwájú wa: ọkọ àti ìyàwó, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó di fáìlì mú, àti òkè kan lẹ́yìn wọn tí àjàrà bò látòkè délẹ̀. Kò sí alága. Kò sí ẹni tó ń pariwo pé kí ìyàwó tún kúnlẹ̀, pé fọ́tò ò tíì dára. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń fẹ́. A wò ó tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá.

Láti ìgbà yẹn la ti ń kàwé nípa ibẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò. Àríwá Pọ́túgà ni. Odò Douro gba àárín àwọn òkè kọjá, òkúta ni ara òkè wọ̀nyẹn, àwọn àgbẹ̀ sì gé e ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn, wọ́n gbin àjàrà sórí ìpele kọ̀ọ̀kan. Ní 1756, ọkùnrin tí wọ́n wá mọ̀ sí Marquês de Pombal mú kí ìjọba fi ààlà sí agbègbè náà, kí ọtí ibòmíràn má baà máa jẹ́ orúkọ wáìnì ibẹ̀. Ó wà lára àwọn ibi tó kọ́kọ́ ní irú òfin bẹ́ẹ̀ láyé. Ní 2001, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé. Tí èèyàn bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Porto, á bá etí odò lọ títí dé Pinhão, ìlú kékeré kan tí wọ́n fi táìlì aláwọ̀ búlúù ya àwòrán àwọn tó ń kórè àjàrà sára ògiri ibùdókọ̀ rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ni ìkórè máa ń wọlé dáadáa. A mú oṣù kẹsàn-án.

Ẹ má bi wá pé kí ló kan ará Ìwáyà kan wáìnì. Ẹmu tó ń dé ọ̀dọ̀ wa níbí, kó tó gun bíríìjì kọjá, omi àti ṣúgà ti gbàjọba lọ́wọ́ ọ̀pẹ. Àti pé àwọn Potogí ló kọ́kọ́ wá bẹ̀ wá wò láìjẹ́ pé a pè wọ́n, wọ́n dé Èkó, wọ́n sọ ọ́ ní Lagos, wọ́n bá tiwọn lọ. A kàn fẹ́ dá ìbẹ̀wò padà ni.

Owó rẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ jẹ́ ká rò pé orí wa pé. Físà Schengen, yúrò 90 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan láti oṣù kẹfà 2024. Ètò ìgbéyàwó lọ́dọ̀ ìjọba Pọ́túgà, yúrò 120; tí a bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn kúrò ní ọ́fíìsì wá bá wa lórí òkè, 200. Ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò tó gbọ́dọ̀ kájú yúrò 30,000, ṣùgbọ́n èyí tí a máa san lórí ẹ̀ ò tó nǹkan. Ọkọ̀ òfurufú, ilé àlejò ọjọ́ márùn-ún, aṣọ funfun kan. Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú náírà ti rí láti oṣù kẹfà 2023, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò tó ìdá mẹ́ta ohun tí ayẹyẹ ẹni 500 máa gbà. Owó alásè àti ti gbọ̀ngàn nìkan tó àlọ àti àbọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Yúróòpù kó lè dín owó kù, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní Yábàá, lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ọpọlọ, ṣùgbọ́n ìṣirò ò purọ́.

Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin. Ẹni tó ń kọ kóòdù nínú wa gbà pé èèyàn gbọ́dọ̀ ka ìwé àlàyé kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹni tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ò sì fún ẹnikẹ́ni lóògùn rí láìka ara ìgò. Ilẹ̀ Faransé ni Bordeaux wà, àmọ́ òfin wọn ní kí ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ fẹ́ ara wọn, tàbí òbí wọn, ní ilé sí ìlú náà, tàbí kó ti gbé ibẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lẹ orúkọ yín síta ní gbọ̀ngàn ìlú fún ọjọ́ 10. Ítálì ni Toscana wà, òfin wọn sì ní ní gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, nínú ilé ìjọba ìlú, níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Pọ́túgà ò ní ká wá gbé lọ́dọ̀ wọn kí a tó fẹ́ra, ìyẹn la ṣe fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n nínú òfin tiwọn náà, a tún bá ọ̀rọ̀ yẹn pàdé. Gbangba.

A wá padà sílé lọ wo Marriage Act tiwa, òfin tó ti wà láti 1914. Irú rẹ̀ ti wà ní Èkó níbí ṣáájú ìyẹn, láti 1884. Bí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìgbéyàwó ní kánsù, wọ́n á lẹ ẹ́ síta fún ọjọ́ 21, kí ẹni tó bá ní nǹkan án sọ wá sọ ọ́. Ẹ sì gbọ́dọ̀ ti ṣe é tán kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹlẹ́rìí méjì. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìlẹ̀kùn ní ṣíṣí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sínú òfin, pé ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí nígbà tí ẹ bá ń ṣe é.

A kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn la wá ń rò ó. Ọkùnrin tó ní ìyàwó nílé ní Agége, tó ń múra láti fẹ́ òmíràn ní Ìkòyí, ìlẹ̀kùn yẹn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣí i. Kò sí ìlú kan nínú àwọn tí a wò tó gbà pé kí ẹni méjì fẹ́ra ní kọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju ẹni tó máa dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn lọ. Ní Douro, onífọ́tò tí a sanwó fún ni yóò dúró níbẹ̀, bóyá pẹ̀lú obìnrin kan tó ń kọjá lọ sí oko àjàrà rẹ̀. Ní Ìwáyà, ẹ ti mọ̀ wọ́n. Ìdána wa náà, ẹnu ìlẹ̀kùn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ẹbí ọkọ á kanlẹ̀kùn, wọ́n á san owó ìkànlẹ̀kùn, alága á fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, kí wọ́n tó ní kí wọ́n wọlé.

Físà ló tún fún wa ní èyí tó le jù. Ní 2024, nínú ìbéèrè mẹ́wàá tí àwọn èèyàn fi ránṣẹ́ láti Nàìjíríà, ó lé ní mẹ́rin tí wọ́n kọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìdí tó wà lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń kọ èèyàn ni pé kò dá wọn lójú pé ẹni náà yóò kúrò lọ́dọ̀ wọn nígbà tí àkókò bá tó. Báwo wá lèèyàn ṣe ń fi hàn pé òun máa padà? Ilé, iṣẹ́, owó ní báǹkì, ẹbí. Ilé, a ò ní. Iṣẹ́ kóòdù, ibi tí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì bá wà lèèyàn ti lè ṣe é, òṣìṣẹ́ físà náà sì mọ̀. Nọ́ọ̀sì? Ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa àwọn nọ́ọ̀sì Nàìjíríà àti ìrìnàjò. Ọmọ, a ò tíì bí. Tí a bá yẹ gbogbo rẹ̀ wò, àwọn tí a ń sá fún gan-an ló kù tí a lè nawọ́ sí pé, ẹ wò ó, àwọn wọ̀nyí ló máa mú wa padà wálé.

Ká tiẹ̀ ní físà bọ́ sí i, ìwé ìbí ń bẹ. Pọ́túgà fẹ́ ìwé ìbí, wọ́n fẹ́ ìwé ẹ̀rí pé kò sí ohun tó dí wa lọ́wọ́ láti fẹ́yàwó tàbí lọ́kọ, kí wọ́n fọwọ́ sí i ní Àbújá, kí ilé aṣojú wọn náà fọwọ́ sí i, kí wọ́n tú u sí èdè Potogí. 1990 àti 1991 ni wọ́n bí wa. 1992 ni ìjọba ṣe òfin tó wà nílẹ̀ báyìí pé dandan ni kí wọ́n forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Irú wa, ìbúra ọjọ́ orí ní kóòtù la fi ń dọ́gbọ́n sí i, àgbà tó mọ ìgbà tí wọ́n bí wa ló sì máa ń búra: bàbá, ìyá, tàbí ẹ̀gbọ́n wọn. Èyí tí obìnrin inú wa ní láti ìgbà tó wọ ilé-ìwé, orúkọ inú rẹ̀ ò bá ti pásípọ́ọ̀tù mu, lẹ́tà kan ló sọnù láàárín. Ẹni tó ń kọ kóòdù nínú wa ní òun mọ irú wàhálà tí lẹ́tà kan lè dá sílẹ̀. A ní láti ṣe tuntun. Bàbá rẹ̀ ti kú ní 2017. Ó ku ìyá.

Ẹja ni Mummy ń tà ní Mákòkó, yíyan àti tútù. A bá a nílé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, a kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a ní ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ kí ẹ bá wa lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ìrìnàjò ni, Mummy."

"Ìrìnàjò wo ló fẹ́ mọ ọjọ́ tí mo bí ọmọ mi?"

A wo ojú ara wa. A sọ fún wọn.

Wọn ò pariwo. Wọ́n gbé abọ́ tí wọ́n ń tò lọ́wọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé oyún wà níbẹ̀ ni?" A ní kò sí. "Ṣé ẹ jẹ èèyàn lówó?" A ní rárá. "Ṣé ẹbí ọkọ ò fẹ́ ẹ ni?" A ní wọ́n fẹ́ ẹ. "Kí wá lẹ ń sá fún?"

A ṣí kọ̀ǹpútà, a fi ìṣirò ẹni 500 hàn wọ́n, a fi ti Douro hàn wọ́n. Wọ́n fi dígí sójú, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní gbogbo ohun tí a kọ síbẹ̀, èyí tó ń jáde lọ ni, ṣé a ò rí èyí tó ń wọlé? Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú ọ̀rá dúdú kan jáde. Ìwé mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, irú èyí tí a ń lò ní pírámárì, èyí tó pẹ́ jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1996.

Gbogbo ìnáwó tí wọ́n ti lọ láti ìgbà náà ló wà níbẹ̀. Ìsọmọlórúkọ, ìṣílé, ìgbéyàwó, òkú. Aṣọ ẹbí tí wọ́n rà, iye tí wọ́n rà á, kúlà ẹja tí wọ́n gbé dání. Ní ojú ewé kejì, ohun tí àwọn èèyàn ṣe fún àwọn náà. Ní Èkó, wọ́n máa ń sọ pé òbí kan ń fi ìgbéyàwó ọmọ gba gbèsè. Àwa ti rí gbèsè náà báyìí, wọ́n fi gègé kọ ọ́, ìlà sí ìlà. Tí a bá sá lọ sí Douro, owó tí ẹlòmíràn ti ń kó jọ láti 1996 la máa sọ nù fún un, a ò sì bi í.

Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta la fi tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń kọ kóòdù ní ká ṣe ìṣirò bí owó ṣe ń wọ́n sí i, torí ₦500 ọdún 1998 kì í ṣe ₦500 òní. Mummy pòṣé. Wọ́n ní, "Ṣé owó nìkan lẹ rí níbẹ̀?" Ẹ má gbọ́ ọ sí pé owó ò ká wọn lára o. Wọ́n mọ ẹni tí kúlà wọn wà lọ́wọ́ ẹ̀ láti 2009, wọ́n sì ń retí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù nínú ìwé náà ni "ó wá". Ní ojú ewé òkú bàbá, 2017, ẹni 83 ni wọ́n kọ "ó wá" sí iwájú orúkọ wọn, owó ò sí níwájú àwọn mìíràn rárá. Níwájú orúkọ obìnrin kan, wọ́n kọ: ó wá, ó fọ abọ́, ó sùn.

A dákẹ́ níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Obìnrin inú wa rántí ẹni náà. Ó ní ọjọ́ kẹta ìsìnkú ni ẹnì kan rí i pé obìnrin náà ò tíì padà sílé ẹ̀.

Àwa méjèèjì wá ń bi ara wa pé, ká ní àwa náà ní ìwé, ta ló máa wà nínú ẹ̀? Àwọn tí a jọ kàwé ní Àkọkà, ìdajì wọn ti wà ní Kánádà àti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n fẹ́ràn wa, wọ́n á fowó ránṣẹ́, wọ́n á fi ọkàn pupa sábẹ́ fọ́tò wa. A ò rò pé a lè kọ "ó wá" síwájú ẹni tó wo fídíò. Bóyá a máa ní láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún un, torí kì í ṣe ẹ̀bi wọn.

Síbẹ̀, a ò gbà fún Mummy tán. A sọ ọ́ fún wọn pé ìnáwó tí wọ́n ń kọ sínú ìwé yẹn, ara àgbàlá ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀ ní 1996, kò sí gbọ̀ngàn, kò sí dúróònù, kò sì sí ẹni tó lọ yáwó lórí fóònù nítorí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wọ́n lára. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi dúnàádúrà bí ẹni tó ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní 200. A ní 20. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ pe wá láti Ìjẹ̀bú, wọ́n ní kí ni wọ́n ń sọ fún àwọn yìí, wọ́n ní àwọn ò lè ṣàìwá kanlẹ̀kùn. A dúró sí 60, nínú àgbàlá ilé, oúnjẹ tí àwọn èèyàn wọn máa sè fúnra wọn. Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ la máa lọ sí kánsù, àwa méjèèjì àti ẹlẹ́rìí méjì.

Mummy ti lọ búra. Wọ́n wọ léèsì lọ sí kóòtù. Akọ̀wé bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ ọjọ́ ìbí náà, wọ́n ní àwọn ni àwọn bí i, àwọn ò mọ̀ pé ẹnì kan ń bá àwọn jiyàn rẹ̀.

A ò pa fódà Douro rẹ́. Ìwé ìbí ti wà nílẹ̀ báyìí, oṣù kẹsàn-án ṣì ń bọ̀ lọ́dọọdún, àwọn tó ti ṣègbéyàwó náà sì lè wo àjàrà. Mummy bi wá pé kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. A sọ fún wọn pé àwọn ará Pọ́túgà kì í fi ẹja gbígbẹ ṣeré, pé wọ́n ń pè é ní bacalhau, wọ́n ń fi iyọ̀ sí i, wọ́n sì ní onírúurú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sè é. Wọ́n ní ẹ sọ ọ́ gbọ́, èló ni wọ́n ń tà á?

Alẹ́ àná la jókòó láti yọ ẹni 60 jáde nínú àwọn orúkọ tó wà nínú ìwé. Bírò pupa ló wà lọ́wọ́ Mummy. Wọ́n fa igi lé àwọn kan lórí láìrò ó rárá, a ò sì bi wọ́n nídìí. Nígbà tí wọ́n dé orúkọ obìnrin tó fọ abọ́ yẹn, wọ́n dúró.

"Eléyìí ò ní lè wá. Orúnkún ò jẹ́ kó gun bọ́ọ̀sì mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́jọ́ kejì, kí ẹ tó lọ sí ibikíbi, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa gbé oúnjẹ lọ bá a ní Bàrígà."

A ní a ti gbọ́, Mummy. Wọ́n ní ká kọ ọ́ sílẹ̀.